Ìbọn ìléwọ́ tó kéré jù kọ́ ló yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa gbé e

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́, ẹ̀yin àti gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé ìwé ìròyìn yìí jáde. Lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹni tó kọ ọ́ ní òun ń gbé ní Amẹ́ríkà, pé òfin ìpínlẹ̀ òun gba òun láyè láti máa gbé ìbọn ìléwọ́ pamọ́ sára, òun sì ń wá èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní hàn lábẹ́ ẹ̀wù. Òǹkàwé mìíràn ti dá a lóhùn lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ó ṣáà ra èyí tó kéré jù, tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, tó sì fúyẹ́ jù nínú gbogbo èyí tí ó bá rí, nítorí pé ìbọn tí kò bá wúwo lára ni ènìyàn kì í fi sílẹ̀ sílé. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni n kò lè jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, torí pé bí ìbọn ṣe ń kéré sí i ló ṣe ń ṣòro sí i láti yìn, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kọ́ ló sì yẹ kí a kọ́kọ́ gbé èyí tó ṣòro jù lé lọ́wọ́.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí. N kì í ta ìbọn, n kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun yàtọ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n láti bí ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ran olùkọ́ kan lọ́wọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ ní pápá ìdánrawò ìbọn ní ìpínlẹ̀ Texas, èmi sì ni mo sábà máa ń dúró ti àwọn tó jẹ́ pé ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ di ìbọn mú. Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ni mo ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́tà yìí. Ẹni tó bá ń kà á ní Nàìjíríà mọ̀ pé òfin tibẹ̀ ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun ìjà tó jẹ́ èèwọ̀ fún ará ìlú, kò sì sí ohun tí mo máa sọ níhìn-ín tó yí ìyẹn padà.

Ìbọn tẹ́ẹ́rẹ́ kì í ṣe ohun tuntun. Láti ọdún 1903 ni ilé iṣẹ́ Colt ti ń ta ìbọn àpò kan tí John Browning ṣe, tó rí pẹlẹbẹ, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì dán láìsí ohun tó lè kọ́ aṣọ. Àwọn ará Jámánì náà gbé Walther PPK jáde ní ọdún 1931. Ṣùgbọ́n ọta kéékèèké ni àwọn wọ̀nyí ń jẹ. Ọta milimita 9 tí Georg Luger ṣe ní ọdún 1902, tí ó gbòde kan títí di òní, lágbára jù wọ́n lọ, ìbọn tó ń jẹ ẹ́ sì sábà máa ń tóbi, torí pé ìlà méjì ni wọ́n ń to ọta sí nínú mágásíìnì, ìyẹn àpótí tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń kó ọta sí, mágásíìnì yìí ló sì wà nínú èèkù tí ọwọ́ ń dì mú. Nígbà tí Smith & Wesson gbé ìbọn Shield jáde ní ọdún 2012, ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n to ọta sí. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọta 7 tàbí 8 péré ni mágásíìnì rẹ̀ ń gbà. Glock 43 tó jáde ní ọdún 2015 ń gba 6. Ẹni tó bá fẹ́ ìbọn tẹ́ẹ́rẹ́ láyé ìgbà náà ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ọta òun yóò dín kù.

Ọdún 2018 ni ọ̀rọ̀ náà yí padà, nígbà tí SIG Sauer kó ọta 10 sínú P365, ìbọn tí ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bí íǹṣì kan lọ. Ọgbọ́n tí wọ́n dá kò ju pé àwọn ọta náà kò tò sí ìlà kan gbọọrọ, wọn kò sì tò sí ìlà méjì tó pé. Ti ọ̀tún ń fi èjìká wọ àárín ti òsì, ti òsì náà ń wọ àárín ti ọ̀tún, títí wọ́n fi dé òkè níbi tí wọ́n ti ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn yòókù kò jẹ́ kó pẹ́. Springfield gbé Hellcat jáde ní ọdún 2019 pẹ̀lú ọta 11, Smith & Wesson sì tún Shield ṣe ní ọdún 2021, wọ́n pè é ní Shield Plus, mágásíìnì rẹ̀ sì ń gba 10 tàbí 13. Bí ẹ bá to gbogbo àwọn wọ̀nyí sórí tábìlì lónìí tí ẹ sì wò wọ́n láti òkè, ẹ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní mọ èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju èkejì. Ìdí nìyí tí n kò fi rí ìwúlò nínú kí a máa wá èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Gbogbo wọn ti tẹ́ẹ́rẹ́ tán. Ohun tó fi wọ́n yàtọ̀ síra ni gígùn èèkù àti bí wọ́n ṣe wúwo sí, ibẹ̀ ni kí ẹni tó fẹ́ rà fojú sí.

Ohun tó máa ń hàn lábẹ́ ẹ̀wù kì í ṣe ọ̀pá ìbọn. Ọ̀pá ìbọn ń wọ inú ṣòkòtò lọ ní tirẹ̀, ó sùn ti itan, bó gùn sí i ní ìdajì íǹṣì kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ó tilẹ̀ máa ń jẹ́ kí ìbọn jókòó dáadáa tí kò fi ní máa dà síwájú. Èèkù ni ó máa ń yọ gọngọ nígbà tí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ láti gbé nǹkan nílẹ̀ tàbí tó bá nawọ́ sókè láti mú ohun kan lórí pẹpẹ. Àwọn tó ń ṣe ìbọn mọ èyí, nítorí náà èèkù ni wọ́n ń gé kúrú nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí ìbọn kéré. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí pé èèkù tí wọ́n gé yẹn ni ọwọ́ fẹ́ dì mú. Àwọn àgbà ní ọmọdé tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tíì tẹ èèkù idà kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Lóde òní, ọwọ́ àgbàlagbà ló ń wá èèkù tí kò rí i dì.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò kò nílò ìwé kankan. Kí ó di ìbọn tí kò ní ọta nínú mú, kí ó yà á kúrò lọ́dọ̀ ènìyàn, kí ó wá wo ibi tí ọmọ ìka rẹ̀ tó kéré jù wà. Bí ìka yẹn bá rọ̀ sílẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ lábẹ́ èèkù, ìka méjì péré ló kù tó ń di ìbọn náà mú, nítorí ìka ìfábẹ̀lá ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ lórí tírígà, ìyẹn irin tí a ń fà kí ìbọn tó yìn. Glock 43 àti Glock 43X ṣe àfihàn èyí ju ohunkóhun tí mo lè kọ lọ. Ọ̀pá wọn gùn dọ́gba, irin òkè wọn gùn dọ́gba, ìbọn kan náà ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Èèkù 43X ni wọ́n kàn fà gùn sí i, tó fi ń gba ọta 10 dípò 6. Mo ti fi méjèèjì lé àwọn ènìyàn lọ́wọ́ lọ́pọ̀ ìgbà láìsọ orúkọ wọn, àwọn tó yan 43 pọ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n yìn ìbọn sí kò gbè wọ́n.

Lẹ́yìn èèkù ni ìwúwo. Ọta kan náà, pẹ̀lú ẹ̀tù kan náà, ń jáde láti inú Glock 17 tó wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 700 bí mágásíìnì òfìfo bá wà nínú rẹ̀, ó sì ń jáde láti inú P365 tó wà ní nǹkan bí gíráàmù 500. Agbára tó ń ta ọwọ́ sẹ́yìn kò dín kù nítorí pé ìbọn kéré. Ara ìbọn tó yẹ kó gba díẹ̀ nínú rẹ̀ ni kò sí mọ́, ọwọ́ ni yóò gbà á. Ẹni tó ti ń yin ìbọn láti ọjọ́ pípẹ́ lè fara dà á. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń kọ́ ìwà búburú kan láti ara rẹ̀: kí ìbọn tó dún ni yóò ti máa fi ọwọ́ tì í wálẹ̀, ojú rẹ̀ yóò pa dé, ọta yóò sì lọ gbẹ́ ilẹ̀. Ìwà yìí ṣòro láti mú kúrò, ó ju oṣù mélòó kan lọ.

Ìyá kan wá sí pápá wa ní ọdún tó kọjá. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń ṣe ní ilé ìwòsàn, òru ni wọ́n sì máa ń padà sílé. Wọ́n ti ra ìbọn kan tó wọ inú àtẹ́lẹwọ́ tán pátápátá, ẹni tó tà á fún wọn ti fi yé wọn pé ìbọn obìnrin ni. Mo ní kí wọ́n fa síláìdì, ìyẹn irin òkè ìbọn tí a máa ń fà sẹ́yìn kí ọta àkọ́kọ́ tó lè wọlé. Wọ́n fà á, kò kúrò lójú kan. Wọ́n tún fà á, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ ni?” Mo bá wọn fà á. Ọta mẹ́fà ni wọ́n yìn. Àkọ́kọ́ bá àárín ìwé, ẹ̀kejì gba etí ìwé, mẹ́rin tó kù di ti ilẹ̀. Wọ́n wá rọra gbé ìbọn náà sílẹ̀, wọ́n kọ ẹnu rẹ̀ síwájú gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì ra àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún, níbi tó ti pọ́n roro. Wọn kò bèèrè pé kí a tún fi ọta sí i.

Kì í ṣe pé ìyá náà kò lágbára. Síláìdì ìbọn kékeré fúyẹ́, ó sì kúrú, ṣùgbọ́n agbára ọta tó gbọ́dọ̀ dá dúró kò dín kù, nítorí náà sípíríǹgì tó le ni wọ́n ń fi sí i láti fi dí ohun tí ìwúwo ì bá ṣe. Ohun tí ojú rò pé yóò rọrùn fún ọwọ́ kékeré ló wá le fún un jù. Mo bá wọn mú ìbọn mìíràn tó gùn ju tiwọn lọ ní ìwọ̀n ìbú ìka méjì, ọ̀kan nínú èyí tí Smith & Wesson ń pè ní Shield EZ, tí wọ́n dìídì ṣe fún àwọn tí ọwọ́ wọn kò le; èyí tó ń jẹ ọta .380, tó kúrú tí kò sì lágbára tó milimita 9, jáde ní ọdún 2018, ti milimita 9 sì tẹ̀lé e ní ọdún 2020. Wọ́n fa síláìdì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tẹ̀lé ọwọ́ wọn. Mẹ́jọ ni wọ́n yìn, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé. Ó dùn mọ́ wọn nínú débi pé wọ́n yọ fóònù láti ya àwòrán ihò náà.

Àwọn kan máa ń dábàá rìfọ́fà kékeré, ìyẹn ìbọn tí ọta rẹ̀ wà nínú àgbá kékeré tó ń yí, fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ torí pé kò ní síláìdì rárá. Òótọ́ ni, kò ní in. Ṣùgbọ́n tírígà rẹ̀ sábà máa ń gba agbára tó tó pọ́ùn 12 kó tó yìn, nígbà tí ti Glock wà ní nǹkan bíi pọ́ùn 5 àti ààbọ̀. Ìka tí kò lè fa síláìdì kì í sábà fa ìyẹn láìmì ìbọn. Ọta 5 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gbà. N kò ní fi lé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́.

Ní ti ọta, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ọ̀pá tó jẹ́ íǹṣì 3 kì í fún ọta ní eré tó ti íǹṣì 4 àti ààbọ̀ ń fún un, bẹ́ẹ̀ eré yìí ló ń jẹ́ kí ọta tí imú rẹ̀ ní ihò tú bí òdòdó nígbà tó bá bá ara pàdé, kó sì dúró síbẹ̀. Àjọ FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, tó lo ọta .40 tó tóbi ju milimita 9 lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó padà sí milimita 9, ń dán ọta wò nínú jẹ́lì, wọ́n sì fẹ́ kí ó wọlé láàárín íǹṣì 12 sí 18. Kí ẹni tó bá ra ìbọn kúkúrú wá ọta tí a kọ sára páálí rẹ̀ pé ọ̀pá kúkúrú ni a ṣe é fún. Ọta onímú róbótó tí a fi ń dánra wò kò yẹ ní gbígbé kiri, torí pé ó lè gba ara ẹnìkan kọjá, kó sì bá ẹni tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àpò ìbọn ni mo fẹ́ dúró lé, nítorí òǹkàwé tó dáhùn lọ́sẹ̀ tó kọjá kò mẹ́nu kàn án rárá, ó kàn ní ìbọn kékeré yóò wọ inú àpò ṣòkòtò. Èmi náà ti ronú bẹ́ẹ̀ rí. Ìbọn tí mo kọ́kọ́ rà ni ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù nínú gbogbo èyí tí mo rí lọ́jọ́ náà, mo sì ń gbé e sínú àpò ṣòkòtò mi ọ̀tún láìfi ohunkóhun bò ó. Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo jókòó sínú mọ́tò, mo ti ọwọ́ bọ àpò náà láti mú kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́ kò sì yọ. Mo tún fà á díẹ̀. Nígbà tí mo dáwọ́ dúró, tí mo rọra fi ìka wá a kiri, mo rí i pé ọ̀kan nínú àwọn kọ́kọ́rọ́ náà ti wọ inú òrùka irin tó yí tírígà ká, ó sì ti jókòó síwájú tírígà gan-an. Ìbọn náà kò ní ohun ìdènà kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbọn tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyí kò ṣe ní. Ohun tó bá ti fa tírígà, ìbáà jẹ́ ìka, ìbáà jẹ́ irin, ti tán nìyẹn. Mo jókòó sójú kan fún ìgbà díẹ̀ kí n tó mọ bí mo ṣe máa gbé ọwọ́ mi jáde. Láti ọjọ́ náà, ìbọn mi kò tún wọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ tàbí owó wẹ́wẹ́ wà.

Àpò ìbọn tó dára ni èyí tó le, tó bo tírígà látòkè délẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í pa dé nígbà tí ìbọn bá jáde kúrò nínú rẹ̀. Awọ rírọ̀ tó ti gbó máa ń ká sínú, ìṣẹ́po rẹ̀ lè fa tírígà nígbà tí ènìyàn bá ń dá ìbọn padà, bẹ́ẹ̀ náà ni etí ẹ̀wù tó bá wọ inú àpò. Ìgbà tí a bá ń dá ìbọn padà ni ewu pọ̀ jù, kò sì sí ohun tó ń lé ẹnikẹ́ni nígbà náà. Kí ó wo inú àpò, kí ó fi ọwọ́ kejì gbé ẹ̀wù kúrò, kí ó rọra tì í wọlé. Bẹ́líìtì tó nípọn sì ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Ìbọn tó wúwo díẹ̀ lórí bẹ́líìtì gidi kì í ni ènìyàn lára tó ìbọn fífúyẹ́ tó ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí ṣòkòtò olókùn. Ìdajì àwọn tó sọ fún mi pé ìbọn wọn ti wúwo jù, bẹ́líìtì wọn ni mo ní kí wọ́n lọ pààrọ̀.

Àwọn obìnrin tó ń fi báàgì gbé e, kí ó ní ojúlé tirẹ̀ nínú báàgì náà tí nǹkan mìíràn kò ní wọ̀, kí àpò líle sì wà nínú ojúlé yẹn. Báàgì tí ìbọn bá wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń gbé sórí àga kí a máa bá iṣẹ́ lọ níbi tí ọmọdé wà.

Kò sí ìbọn tí mo máa gbé sára láìjẹ́ pé mo ti yin ọta 200 nínú rẹ̀ láìhá, kí nǹkan bí 50 nínú wọn sì jẹ́ irú ọta tí mo fẹ́ máa gbé. Àwọn kéékèèké wọ̀nyí kì í fara da ìdọ̀tí tó àwọn ńlá, ìhùùhù aṣọ àti òógùn sì ń wọ inú wọn lójoojúmọ́, nítorí náà kí ènìyàn tú u palẹ̀, kí ó sì nù ún lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kódà bí kò bá yìn ín.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí bí a ṣe ń yan ọ̀kan, torí pé òfin Texas fún wa ní ìwọ̀n kan tó wúlò fún un. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kò sì dá lẹ́kun, ti lè gbé ìbọn ìléwọ́ níhìn-ín láìní ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ náà ṣì wà, mo sì gba gbogbo ènìyàn níyànjú láti gbà á, nítorí pé àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn wà tó ń bọ̀wọ̀ fún un, àti nítorí ìdánwò tó wà nínú rẹ̀: ọta 50, 20 láti yáàdì 3, 20 láti yáàdì 7, 10 láti yáàdì 15, ẹni tó bá gba máàkì 175 nínú 250 sì ti yege. Kò le. Nítorí pé kò le ló fi dára fún ìwọ̀n. Ọ̀pọ̀ pápá ìdánrawò ló ń yá ènìyàn ní ìbọn lówó pọ́ọ́kú. Kí ẹni tó fẹ́ rà yá mẹ́ta, kí ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ìdánwò yìí, kí ó sì kọ máàkì sílẹ̀ lórí ìwé. Èyí tó fún un ní 230 ló yẹ kó rà, kì í ṣe èyí tó fún un ní 180 tó sì lẹ́wà lójú. Bí òun fúnra rẹ̀ bá rí i pé ó rẹ òun kí ọta 50 tó tán, ìyẹn pàápàá ti sọ ohun tó fẹ́ gbọ́ fún un.

Bí kò bá jẹ́ Texas ni ó ń gbé, kí ó kọ́kọ́ wo òfin ibi tó wà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ kan ní oṣù Kẹfà ọdún 2022 tó mú kí ìpínlẹ̀ New York jáwọ́ nínú bíbèèrè ìdí pàtàkì kí wọ́n tó fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé kí wọ́n má bèèrè ìwé àṣẹ mọ́, New York kì í sì í ka ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ mìíràn kún. Níbẹ̀ àti ní California, mágásíìnì kò gbọdọ̀ gbà ju ọta 10 lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé Shield Plus pẹ̀lú mágásíìnì 13 lè kó oníwà pẹ̀lẹ́ sí wàhálà bó bá kan gbé e kọjá ààlà.

Ohun kan wà tó kan àwa tí a ti ìta wá, mo sì ti rí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ní gíríìnì káàdì lè ra ìbọn lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ bí ọmọ ìlú ṣe lè rà á. Ẹni tó wà lórí fíìsà ìbẹ̀wò tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ gbọdọ̀ ní in lọ́wọ́, àyàfi ní ìwọ̀nba ipò tí òfin kà sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù 4473 tí a ń kọ ní ṣọ́ọ̀bù bèèrè rẹ̀ láìfi bò, ó sì tún bèèrè bóyá ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù gan-an ló ń ra ìbọn. Ẹ̀gbọ́n tó bá bá àbúrò rẹ̀ tí kò ní ẹ̀tọ́ ra ìbọn, tó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé e lọ sẹ́wọ̀n, kó sì ba ọ̀ràn ìwé ìgbélùú rẹ̀ jẹ́ pátápátá.

Nítorí náà, bí mo bá jẹ́ òǹkàwé tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, Glock 43X, P365XL tí èèkù rẹ̀ gùn ju ti P365 lọ, àti Shield Plus ni mo máa yá láti dán wò, bí ọwọ́ mi kò bá sì le, mo máa fi Shield EZ kún un. Bó bá ti ra èyí tó kéré jù kó tó ka lẹ́tà yìí, kí ó má tà á ní kíá. Àwọn mágásíìnì kan wà tí ìsàlẹ̀ wọn gùn jáde díẹ̀ tí ọmọ ìka lè fi sinmi, owó wọn kò pọ̀, wọ́n sì máa ń yí ọ̀pọ̀ nǹkan padà.

Ní ti ẹni tó dá a lóhùn lọ́sẹ̀ tó kọjá, n kò bá a jà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún un, inú mi yóò sì dùn bí ẹ bá lè tẹ èsì rẹ̀ jáde: ọta mélòó ni òun fúnra rẹ̀ ti yìn nínú ìbọn tó ń gbóríyìn fún yìí, ìgbà wo ni ó sì yin èyí tó kẹ́yìn?

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan ní Texas